Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Di Wolé-wolé Ilé Yín

Ẹ̀yin baálé náà, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí owó ọwọ́ yín ni a fi ń gbẹ́ kànga.

Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa kò ní gbàgbé wolé-wolé. Ní ayé ìjọba òyìnbó, àti fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, bí a bá ti rí i tí ó yọ lókèèrè pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀, gbogbo agbo ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Yóò ṣí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, yóò yọjú sí ṣáláńgá, yóò yí ẹ̀yìnkùlé ká, yóò sì béèrè ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí lè ti ibẹ̀ dé kóòtù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bú u lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà ni ó bá wá. Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé ni ó ń wá.

Iṣẹ́ náà kò tíì parẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ìlera àyíká. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè wọ gbogbo ilé tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré lójoojúmọ́. Ẹni tí ó wà nílé lójoojúmọ́ ni ìyá ilé. Òun ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń se oúnjẹ, òun ni ó ń fọ ìdí ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ wolé-wolé náà, kí ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é.

ÌTÀN KÀNGA KAN NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti tọ ipasẹ̀ àrùn. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì, tí àwọn òyìnbó ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn 127 ti kú ní Broad Street àti àyíká rẹ̀. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀, iye òkú ti di 616. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fa àrùn náà. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní omi ni. Kò sì jókòó sílé máa jiyàn. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé, níbo ni olóògbé ti ń pọn omi tí ó ń mu?

Ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà: kànga ẹ̀rọ tí ó wà ní Broad Street. Ilé ńlá kan tí a ń kó àwọn aláìní sí wà nítòsí ibẹ̀, ènìyàn 535 ni ó ń gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ márùn-ún péré ni àrùn náà pa níbẹ̀. Kí ló dé? Wọ́n ní kànga tiwọn. Opó kan sì wà ní Hampstead, tí ó jìnnà sí àdúgbò náà, tí àrùn kan náà pa. Nígbà tí Snow tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ pé opó náà ti gbé ní Broad Street rí, àti pé omi ibẹ̀ dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mú kí wọ́n máa bù ú wá fún un. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, àwọn aláṣẹ yọ apá ẹ̀rọ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fà á mọ́.

Àlùfáà ìjọ kan, Henry Whitehead, tí ó kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn pé Snow ṣìnà, ni ó wá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kékeré kan ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní ilé tí ó kángun sí kànga náà kí àrùn tó tàn ká. Ìyá rẹ̀ fọ ìtẹ́dìí rẹ̀, ó sì da omi ìfọ̀ náà sí ihò ìdọ̀tí ilé. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí i pé bíríkì ihò náà ti jẹrà, àti pé kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí ó wà láàrin ihò náà àti kànga.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ìyá. Obìnrin náà kò ṣe ibi. Ohun tí gbogbo ìyá ọmọ ń ṣe ni ó ṣe. Omi kànga náà mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu, síbẹ̀ ikú wà nínú rẹ̀. Snow kú ní 1858. Ọdún 1884 ni Robert Koch, ará Jámánì, tó fi hàn gbangba kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Snow kò mọ orúkọ kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí ó ń gbà, ìyẹn sì tó láti dí i.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àtijọ́ lásán ni. Ní ìparí ọdún 1970 ni àrùn onígbáméjì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti ìhà Èkó. Ní 1971, ó mú ènìyàn 22,931, ó sì pa 2,945 nínú wọn. Láti ìgbà náà kò tíì fi wá sílẹ̀. Ní ọdún 2021 nìkan, àwọn tí a fura pé ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,500. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń bá ọ̀nà kan náà rìn: láti ìgbẹ́ ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíràn.

ÀPÁTA ÌKẸ́RẸ́ ÀTI KÀNGA WA

Ilẹ̀ gúúsù Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ kò lè ṣàì rí òkè Olósùnta àti Òròlé tí wọ́n dúró gbagidi. Irú àpáta yìí kan náà ni ó wà lábẹ́ ilé wa. Omi kì í gba inú àpáta líle kọjá. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ni omi òjò ń sùn sí, àti inú ibi tí àpáta bá ti sán. Kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kì í sábà jìn kí ó tó kan omi, bí ó bá sì kan àpáta, kò tún ṣeé gbẹ́ síwájú mọ́.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń fún wa ní omi yìí náà ni a gbẹ́ ṣáláńgá àti sọ́kàwéè sí. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi inú ilẹ̀ yóò ga sókè, ìdọ̀tí inú ṣáláńgá yóò sì bá a rìn lọ sínú kànga tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní yí àwọ̀ padà, kò ní rùn. Ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Nítorí náà, iṣẹ́ wolé-wolé yín àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ dìde, kí ẹ lọ yí kànga yín ká.

Èkíní, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ó wà láàrin kànga àti ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè tí ó súnmọ́ ọn jù. Ó yẹ kí ó tó mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 40. Ẹ má fi ti ilé yín nìkan mọ. Ti aládùúgbò pẹ̀lú ni. Ẹ wò bóyá ṣáláńgá náà wà lókè, tí kànga sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí omi kì í gun òkè.

Èkejì, ẹ wo ẹnu kànga. Ṣé a mọ ọrùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, tí àgbàrá kò fi lè ṣàn wọ inú rẹ̀? Ṣé ó ní ìdérí tí ó bò ó dáadáa? Ṣé kọnkéré tí ó yí i ká kò tíì sán?

Ẹ̀kẹta, ẹ wo okùn àti korobá tí a fi ń fa omi. Bí olúkúlùkù bá ń gbé korobá tirẹ̀ wá, tí okùn sì ń wọ́ nílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ ń yàgbẹ́ sí, kànga náà ti bàjẹ́ láti òkè wá, bí ṣáláńgá tilẹ̀ jìnnà sí i. Ẹ ní korobá kan ṣoṣo fún kànga, kí ẹ sì máa gbé e kọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ibi tí a ti ń fọ aṣọ àti ìtẹ́dìí ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kànga ni, ẹ rántí obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yẹn.

Ẹni tí ó ń mu kànga ẹ̀rọ, tí a ń pè ní bọ́hóòlù, kò gbọdọ̀ rò pé òun ti bọ́. Bí páìpù rẹ̀ bá sán, tàbí tí tánkì rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún alángbá àti ẹyẹ, omi tí ó dára nísàlẹ̀ yóò bàjẹ́ lókè. Omi inú ọ̀rá náà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀ kí ẹ tó rà á fún ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, a lè yẹ omi wò. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ E. coli, tí ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹranko. Ní ibi tí a bá ti rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nínú omi mímu tí ó tó mìlílítà 100, kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan. Ní 1982, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà tilẹ̀ gbé ọ̀nà kan tí ó rọrùn jáde: a ó bu omi sínú ìgò kékeré tí ó ní oògùn, a ó gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, bí ó bá dúdú, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ wà nínú omi náà. Ẹ̀yin àdúgbò tí ẹ ń pọn kànga kan náà lè para pọ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí EK-RUWASSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkìtì tí ń rí sí omi àti ìmọ́tótó ìgbèríko.

NÍGBÀ TÍ OMI BÁ DÉ ILÉ

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó gbà pé bí a bá ti da álọ́ọ̀mù sí omi tí ó sì tòrò, ó ti tán. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fọkàn yín balẹ̀ ní ti kòkòrò. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí.

Ẹ lè sè é. Kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì bò ó kí ó tutù. Ẹ lè lo oògùn omi oníkíloríìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ẹ wọn ún gẹ́gẹ́ bí ìwé ara ìgò ti wí, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Bí kò bá sí igi tàbí gáàsì, ẹ rọ omi tí ó ti tòrò sínú ìgò ike tí ó mọ́ gaara, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Omi odò, bíi ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí àwọn ará oko ń lò, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ kí ẹ tó sè é. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé ní abúlé 65 ní Bangladesh, níbi tí a ti kọ́ àwọn ìyàwó ilé láti máa fi ògbólógbòó aṣọ sárì tí a ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́rin sẹ́ omi, àrùn onígbáméjì dín kù ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí ni pé kòkòrò náà sábà máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi tí aṣọ lè dá dúró. Gbogbo wa ni ó ní àkísà ìró nílé. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn lẹ́yìn lílò.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ó ti ṣáláńgá dé, tí ó sì ti ife bọ inú àmù, lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ kéré, kí ẹ máa rọ ọ́. Bí àmù ni ẹ fẹ́ràn, ẹ fi ìgbakọ ọlọ́wọ́ gígùn bu ún, kí ẹ sì gbé ìgbakọ náà kọ́. Ẹ fi ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá.

OMI ÀLÙWÀLÁ ÀTI TÁNKÌ ORÍ ILÉ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa tí ń fín omi símú nígbà àlùwàlá. Ní ìlú Karachi ní Pakistan, láàrin ọdún 2008 sí 2009, àwọn dókítà rí aláìsàn mẹ́tàlá tí ẹ̀dá àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Naegleria fowleri wọ ọpọlọ wọn. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ̀dá náà ń gbé. Bí ènìyàn bá mu ún, kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba imú wọlé, ó lè gun orí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kankan; omi ilé tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ni a fura sí.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n gidigidi, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi àlùwàlá sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí omi tí a ó fín símú jẹ́ èyí tí a ti sè tí ó sì tutù, tàbí èyí tí a ti fi kíloríìnì tọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí omi sùn sínú bútà láti ìjẹta. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ọjọ́ wo ni ẹ fọ tánkì yín kẹ́yìn?

Àwọn ìlú olówó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ewu yìí. Ní oṣù keje ọdún 1976, àwọn ológun fẹ̀yìntì ṣe àpéjọ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí wọ́n tú ká ni ikọ́ àti ibà líle kọlù wọ́n. Ènìyàn 34 ni ó kú. Oṣù mẹ́fà ni àwọn olùwádìí fi wá ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1977 ni wọ́n tó rí kòkòrò náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Legionella. Inú omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó sì dúró sójú kan ni ó ń gbèrú, a sì máa bá ìkùukùu omi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Tánkì dúdú orí ilé wa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú oòrùn. Nítorí náà ẹ bò ó, ẹ máa fọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá sì ti ìrìn àjò dé bá ilé tí a tì pa, ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ ṣàn dànù fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ WO INÚ ILÉ PẸ̀LÚ

Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, wà nítòsí wa gan-an. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó bá Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré pààlà, wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù lọ, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn rẹ̀. Eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀ ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ta sí oúnjẹ wa.

Ẹ wo ibi tí gààrí yín wà. Bí inú àpò tí ó ṣí sílẹ̀ ni, ẹ gbé e sínú ike tí ó ní ìdérí líle. Ẹ má sá gààrí tàbí èlùbọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá títì. Ẹ dí ihò ara ògiri àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ gbé òkú eku. Ibà yìí jọ ibà ẹ̀fọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ara kò fúyẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ikọ́ ife a máa tàn nínú yàrá tí ènìyàn púpọ̀ ń sùn sí tí atẹ́gùn kò sì wọ̀. Ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò.

BÍ ÀRÙN BÁ TI WỌLÉ NÁÀ

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ni ó ń tán lọ, òun ni ó sì ń pa á. Ẹ bu lítà kan omi tí a ti sè tí ó tutù, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ọmú dù ú. Ẹ béèrè oògùn síǹkì ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dà bí omi ìrẹsì, bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Onígbáméjì lè pa àgbàlagbà láàrin wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, nígbà tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ pe àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ yí ilé ká. Ní ibi gbogbo tí ẹ bá dé, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta: Kí ni ó lè bà á jẹ́ níbí? Ọ̀nà wo ni yóò gbà dé ẹnu ọmọ mi? Kí ni mo lè fi dí i lónìí? Ẹlòmíràn yóò rí i pé ìdérí kànga nìkan ni òun ṣaláìní. Ẹlòmíràn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ, pé ó yẹ kí àdúgbò pàdé lórí ṣáláńgá tí ó súnmọ́ kànga jù. Ẹ má fi ojú tijú. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Omi kò ní ọ̀tá. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀tá nínú ilé yín.